Wọ́ọ̀dù Ni Òṣèlú Ti Ń Bẹ̀rẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé

Lẹ́tà tí ó wọlé sí ojú ewé yìí láti bí oṣù méjì sẹ́yìn pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń sọ: báwo ni ọ̀dọ́ tí kò ní baba ìsàlẹ̀, tí kò sì lówó lọ́wọ́, ṣe lè mọ ohun tí ń lọ nínú òṣèlú, kí ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ inú rẹ̀. Márùn-ún ni mo yàn nínú wọn. Mo gé àwọn kan kúrú, mo sì yọ orúkọ àwọn tí ó kọ wọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ń gbé, nítorí náà kí ẹ má bínú bí àpẹẹrẹ mi kò bá jìnnà sí Sábó àti Ìjẹ̀rú. Ẹni tí ó wà ní Ṣakí tàbí Ìsẹ́yìn lè fi orúkọ àdúgbò tirẹ̀ rọ́pò.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ọmọ ọdún 22 ni mí, mo sì wà ní ọdún kẹrin ní LAUTECH. Láàárọ̀, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn, mo ti ka ìròyìn òṣèlú bí ogún lórí fóònù. Mo mọ orúkọ àwọn mínísítà, mo mọ ohun tí àwọn sẹ́nétọ̀ ń bá ara wọn fà ní Àbújá. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá onílé wa bi mí pé ta ni káńsẹ́lọ̀ wa, ńṣe ni mo ń wojú bàbá. Níbo ni ó yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ohun tí mo ń kà lè wúlò? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Under G, Ògbómọ̀ṣọ́.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, bàbá onílé yín ti bá mi dáhùn ìdajì ìbéèrè rẹ. Ìròyìn Àbújá ti di bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè fún ọ̀pọ̀ nínú wa: a mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, a ń tìtorí wọn bá ọ̀rẹ́ jà, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹsẹ̀ wa ṣe lè kan bọ́ọ̀lù náà. N kò sọ pé kí o má kà á mọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o kọ́kọ́ mọ ìjọba tí o lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá, kí o sì padà sílé kí ọbẹ̀ tó jinná.

Iṣẹ́ tí ó kan ìjọba kọ̀ọ̀kan ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní àfikún kan lẹ́yìn, Àfikún Kẹrin, tí ó to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ibi ìsìnkú, ilé ìgbẹ́ gbogbo ènìyàn, kíkó pàǹtí, fífún òpópónà lórúkọ àti ilé ní nọ́ńbà, àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, ó tún fún wọn ní ipa nínú ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera. Bí o bá ka ojú ewé kan péré yẹn, wàá rí i pé ọ̀pọ̀ ohun tí ó ń bí ọ nínú láti Under G dé Ọjà Igbó, inú rẹ̀ ni ó wà. Sẹkitéríàtì Ìjọba Ìbílẹ̀ Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní Kínnírá, ti Gúúsù wà ní Arówómọlé. Wọ́ọ̀dù mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ní, káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó sì ń ṣojú wọn. Ní 27 oṣù Kẹrin ọdún 2024, OYSIEC, àjọ elétò ìdìbò ti ìpínlẹ̀ wa, ṣe ìdìbò káńsù káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ 33 tí ó wà ní Ọ̀yọ́. Ní 11 oṣù Keje ọdún kan náà, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀, kí ó má gba ọwọ́ gómìnà kankan mọ́. Ẹjọ́ yẹn ni ó yẹ kí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ṣe àríyànjiyàn ní ọ̀sẹ̀ náà, ṣùgbọ́n mo rántí pé ọ̀rọ̀ ìjà àwọn olórin méjì ni ó gba fóònù àwọn ọmọ tèmi kan.

Mo ti jìyà àìmọ iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan yìí rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iyanrìn dí ojú ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì kan ní àdúgbò wa, àgbàrá sì ń ya wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn ní gbogbo ìgbà tí òjò bá rọ̀. Mo kọ lẹ́tà, mo tẹ̀ ẹ́ dáadáa, mo gbé e lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Wọ́n ní kí n padà wá lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń padà lọ, títí ìyá kan tí ó ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ fi bi mí pé, “Bùọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé títì ìjọba àpapọ̀ ni títì yẹn?” Ìyá ẹlẹ́kọ mọ̀, èmi tí mo ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn kò mọ̀. Nínú gbogbo oṣù mẹ́ta náà, kò sí òṣìṣẹ́ kan tí ó là á yé mi pé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ni mo ń kàn.

Nítorí náà, nígbà tí o bá gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń bú alága káńsù nítorí ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ sí Ìlọrin, kí o mọ̀ pé wọ́n ń bá ẹni tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè jà. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn ni aṣojú-ṣòfin wa, ẹyọ kan tí Àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, Gúúsù Ògbómọ̀ṣọ́ àti Oríire jọ ní, àti sẹ́nétọ̀ wa, tí àwa àti Òkè-Ògùn jọ ní lábẹ́ Àríwá Ọ̀yọ́. Sùúrùlérè àti Ògo-Olúwa, tí a jọ ń pe ara wa ní ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, abẹ́ Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń yan sẹ́nétọ̀ tiwọn. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà pàápàá ni kò mọ èyí. Ti ìpínlẹ̀ sì tún yàtọ̀: ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin 32 ni ó wà ní Ìbàdàn, Àríwá ní ọ̀kan nínú wọn, Gúúsù ní ọ̀kan.

Nígbà tí o bá ti mọ èyí, mú ohun kan ṣoṣo, má mú mẹ́wàá. Ká ní pàǹtí ẹ̀yìn ọjà ni. Lọ sí sẹkitéríàtì, béèrè ẹ̀ka tí ó ń rí sí ìmọ́tótó, béèrè iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yìí. Bí wọ́n bá ní kò sí ẹni tí ó lè sọ fún ọ, kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Òfin kan wà láti ọdún 2011 tí ó fún gbogbo ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ ìjọba láìsọ ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje ni òfin náà fún ọ́fíìsì láti fèsì, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì sọ ní ọdún 2025 pé ó kan ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ bí ó ṣe kan ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀dà méjì ni kí o tẹ̀. Jẹ́ kí akọ̀wé lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀dà kejì, kí ó kọ ọjọ́ sí i, kí o sì fi í pamọ́, nítorí lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọn yóò ní àwọn kò rí i. Lẹ́yìn náà ni kí o wá gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí rédíò. Ajílété FM àti Parrot FM wà lọ́dọ̀ wa níbí. Ẹni tí ó pe orí ètò tí ó ní “mo kọ lẹ́tà ní ọjọ́ báyìí, ẹ̀dà rẹ̀ rèé lọ́wọ́ mi” kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tí ó kàn pè láti sọ pé ìlú ti bàjẹ́.

Ibi tí ó kù, tí ọ̀dọ́ kì í fẹ́ lọ, ni ìpàdé wọ́ọ̀dù ẹgbẹ́ òṣèlú. Mo bá aládùúgbò mi kan lọ sí ọ̀kan rí, mo jókòó sẹ́yìn. Iwájú ilé bàbá kan ni, lẹ́yìn ìrun Ìṣá. Àga oníke wà fún àwọn àgbà, bẹ́ǹṣì fún àwa yòókù, gílóòbù kan ṣoṣo ni wọ́n so mọ́ igi máńgòrò. Akọ̀wé ń fi iná fóònù ka àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ó kọjá nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle kan, ó ń gbé e sún mọ́ ojú, ó ń gbé e jìnnà sí i. Wọ́n ń gba igba náírà owó ẹgbẹ́. Wọ́n fi bí ìṣẹ́jú ogójì jiyàn lórí ẹni tí yóò ra ìgò epo fún jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú ìyá ọmọ ẹgbẹ́ kan. Ó sú mi, n kò purọ́. Àfìgbà tí alága dédé sọ pé ọ̀gá wọn ní káńsù ti ní kí wọ́n mú orúkọ ènìyàn mẹ́ta wá tí yóò lọ ṣojú wọ́ọ̀dù níbi ìdìbò abẹ́lé. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n fi dárúkọ àwọn mẹ́ta náà. Mo ka àwọn tí ó wà níjòókòó, wọ́n jẹ́ 31. Ọ̀dọ́ tí mo rí kò ju méjì lọ, ọ̀kan nínú wọn sì ni ó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀.

Àwọn ènìyàn mẹ́ta yẹn àti irú wọn láti wọ́ọ̀dù mìíràn ni wọ́n lọ yan orúkọ tí èmi, ìwọ àti bàbá onílé yín bá lórí ìwé ìdìbò. Òfin Nàìjíríà kò gba olùdíje tí kò ní ẹgbẹ́. Bóyá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ni ó dìbò abẹ́lé ni o, bóyá wọ́n fẹnu kò lórí ẹnì kan ni o, inú rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀, oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè ni yóò máa yàn nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ìlọràá ni ilé wa, Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kàwé. Níbo ni kí n ti gba káàdì ìdìbò, ilé ni tàbí ilé ìwé? Mo tún gbọ́ pé àwọn kan forúkọ sílẹ̀ ní ibi méjèèjì. — Akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún kejì.

Ìdáhùn: Ibi tí o máa wà lọ́jọ́ ìdìbò ni kí o lò, kì í ṣe ibi tí ó rọrùn fún ọ lónìí. Jẹ́ kí n rán ọ létí ọdún 2023. Àjọ tí ó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì pàṣẹ pé kí gbogbo wọn tì láti 22 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹta nítorí ìdìbò. 25 oṣù Kejì ni ìdìbò ààrẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ nítòsí ọgbà ilé ìwé ti wọ mọ́tò lọ sọ́dọ̀ òbí rẹ̀, káàdì rẹ̀ kò sì wúlò fún un níbẹ̀, nítorí ibùdó tí orúkọ rẹ wà nìkan ni ẹ̀rọ BVAS ti lè dá ìka tàbí ojú rẹ mọ̀. Gẹ́gẹ́ bí INEC ti kéde nígbà náà, 93,469,008 ni gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé, 37,060,399 nínú wọn kò ju ọmọ ọdún 34 lọ, àwọn tí wọ́n pe ara wọn ní akẹ́kọ̀ọ́ sì lé ní mílíọ̀nù 26. Ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 25 ó lé díẹ̀ péré ni gbogbo ènìyàn tí wọ́n yẹ káàdì wò fún jákèjádò Nàìjíríà lọ́jọ́ ìdìbò ààrẹ. N kò ní sọ pé títì ilé ìwé nìkan ni ó fà á, ó ṣe tirẹ̀.

Bí o bá ti forúkọ sílẹ̀ níbì kan tẹ́lẹ̀, ńṣe ni kí o ní kí INEC gbé orúkọ rẹ lọ sí ibòmíràn. Má forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin, ẹ̀rọ wọn sì máa ń fi ìka ènìyàn wá orúkọ onímejì rí, ó ń yọ ọ́. Má sì dúró di ìgbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀: òfin ètò ìdìbò ní kí ìforúkọsílẹ̀ dáwọ́ dúró tipẹ́ ṣáájú ìdìbò. Ọ̀fẹ́ ni káàdì náà. Ẹni tí ó bá gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ nítorí rẹ̀, olè ni.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Ọmọ ọdún 24 ni, ó ti jáde poli, ó sì ń tún fóònù ṣe. Ó tó oṣù mẹ́fà tí ó ti ń lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ òṣèlú ní alaalẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bàbá tí ó bí mi, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, sọ ohun tí ojú wọn rí ní 1965 fún wa, wọ́n sì ní ọmọ àwọn kankan kò gbọdọ̀ ṣe òṣèlú. Ṣé kí n dá a dúró ni? — Ìyá kan, Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́.

Ìdáhùn: Ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ohun tí bàbá yín rí kì í ṣe àlá. Ìdìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn tí wọ́n ṣe ní 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965 ni ó dá iná tí wọ́n ń pè ní wẹ́tìẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń da bẹntiróòlù sí ilé àti sí ara ènìyàn, tí wọ́n sì ń ṣáná sí i. Ní 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn ológun dìtẹ̀ gba ìjọba, wọ́n sì pa Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí ó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn àgbà fi ń wo ìtàn Akíntọ́lá títí di òní. Bí ẹ bá dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní iwájú ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ilẹ̀ lè ṣú mọ́ yín lọ́wọ́. N kò ní dá ẹjọ́ náà. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: olùkọ́ ni ní Baptist Academy ní Èkó, ó di olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ amòfin ní ìlú Ọba, kí ó tó di mínísítà. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí òṣèlú tó dé.

Ọmọ yín náà ní iṣẹ́. Èyí ni ó jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n ń kó ṣe jàǹdùkú, àwọn tí ebi ń pa ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wá. Kí ẹ má dá a dúró, ìyá mi, ṣùgbọ́n kí ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ti ìpàdé dé, ẹ bi í pé kí ni wọ́n sọ. Ẹni tí ó lọ sí ìpàdé yóò rí nǹkan rò fún yín. Bí kò bá rí nǹkan rò, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tí títún fóònù ṣe kò lè mú wá, ẹ yára pe àwọn àbúrò bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá rí káàdì ìdìbò tí kì í ṣe tirẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó dá a padà lọ́jọ́ náà gan-an: òfin ètò ìdìbò fi ẹ̀wọ̀n, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì pọ̀, lé e lórí fún ẹni tí ó bá ń rà tàbí tí ó ń ta káàdì, tàbí tí káàdì oníkáàdì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láìbófinmu. Bí wọ́n bá sì ní kí ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú ẹlòmíràn lọ́jọ́ ìdìbò, kí ó sọ pé ìyá òun ń ṣàìsàn. Mo fún un láyè láti pa irọ́ kan ṣoṣo yẹn.

Ìbéèrè: Nínú ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn tí a jọ jáde ilé ìwé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ òṣèlú síbẹ̀, ẹlòmíràn a gba ohùn sílẹ̀, a ní òun gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí ó wà nínú ìjọba. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ òótọ́? — Òǹkàwé yín láti Oríire.

Ìdáhùn: Ohùn tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, tí ó sì ń bẹ̀ yín pé kí ẹ tètè fi í ránṣẹ́ sí ènìyàn mẹ́wàá, ẹ pa á rẹ́. Ẹ má tilẹ̀ gbọ́ ọ tán. Àwòrán ni kí ẹ fara balẹ̀ wò, nítorí àwòrán ìjà àtijọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde bí ẹni pé àná ni. Ní ti èsì ìdìbò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nílò ẹni tí ó wà nínú ìjọba: inú fọ́ọ̀mù EC8A ni olórí òṣìṣẹ́ ibùdó ń kọ èsì sí lójú gbogbo ènìyàn, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ń fọwọ́ sí i, wọ́n sì ń lẹ èsì náà síta lórí ìwé tí wọ́n ń pè ní EC60E. Ẹ yà á sórí fóònù yín. INEC ní ojú ewé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, IReV, tí wọ́n ń gbé àwòrán fọ́ọ̀mù wọ̀nyí sí. Ti ìdìbò ààrẹ ọdún 2023 pẹ́ kí ó tó débẹ̀, ìyẹn sì dá àríwísí púpọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya ti ibùdó rẹ̀ lè fi méjèèjì wéra fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè: Aránṣọ ni mí ní Sábó, ọmọ ọdún 26, mo ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin. Mo fẹ́ dupò lọ́jọ́ kan, bóyá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé òfin gbà mí láyè? Ṣé owó kò sì ní dá mi dúró? — Ọmọbìnrin Àjílété.

Ìdáhùn: Òfin gbà ọ́ láyè, àbúrò. Ní 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018 ni Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí àtúnṣe tí ó dín ọjọ́ orí ẹni tí ó fẹ́ lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin kù láti 30 sí 25, tí ó sì dín ti ààrẹ kù láti 40 sí 35. Ti gómìnà àti ti sẹ́nétọ̀ wà ní 35 bí ó ṣe wà. Ìwé ẹ̀rí oníwèé mẹ́wàá tàbí ohun tí ó bá a dọ́gba ni òfin béèrè, àti pé kí ẹgbẹ́ fà ọ́ kalẹ̀. Ní ọdún 2019, nígbà tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa yan Adebo Ogundoyin láti Ìbàràpá ṣe olórí ilé, ọmọ ọdún 32 ni. Ṣùgbọ́n kí n má tàn ọ́: bàbá rẹ̀ jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò, orúkọ ìdílé rẹ̀ sì ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn kí ó tó jáde. Ìwọ ní láti wá orúkọ tìrẹ.

Owó náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Fún ìdìbò ọdún 2023, mílíọ̀nù méjì náírà ni APC ta fọ́ọ̀mù ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́wàá ni ti aṣojú-ṣòfin. PDP ta ti aṣojú-ṣòfin ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. APC dín owó kù fún àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́, ó yẹ kí a sọ ìyẹn náà. Síbẹ̀, aṣọ mélòó ni aránṣọ yóò rán kí ó tó rí mílíọ̀nù kan kó jọ, kí a tó wá sọ ọ̀rọ̀ pósítà, mọ́tò àti oúnjẹ àwọn tí yóò máa tẹ̀ lé e kiri? Nínú èrò tèmi, ipò káńsẹ́lọ̀ ni kí o kọ́kọ́ fojú sí. Wọ́ọ̀dù kan ni, àwọn tí o ń rán aṣọ fún wà nínú rẹ̀, o lè fi ẹsẹ̀ rìn ín já ní ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ mẹ́rin àti àwọn ìyá wọn sì ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Nǹkan kan yóò dààmú rẹ tí kò ní dààmú ọkùnrin. Alẹ́ ni wọ́n máa ń ṣe ìpàdé, wọn yóò sì fẹ́ kí o lọ jókòó ti àwọn ìyá tí wọ́n ń pín súyà àti omi, bí ẹni pé agbo àwọn obìnrin ni ó ń se oúnjẹ ẹgbẹ́, tí agbo àwọn ọkùnrin ń jẹ òṣèlú. Má bá wọn jà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. San owó ẹgbẹ́ rẹ, rí i pé wọ́n kọ orúkọ rẹ sínú rẹ́jísítà lójú rẹ, kí o sì ní kí wọ́n jẹ́ kí o máa bá wọn kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, nítorí ẹni tí ó ń kọ̀wé gbọ́dọ̀ jókòó níwájú, wọn kò sì lè sọ̀rọ̀ kí òun má gbọ́. Akọ̀wé tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, tí ó ń fi iná fóònù kàwé lábẹ́ igi máńgòrò, sọ fún mi nígbà tí ìpàdé túká pé ojú òun kò ríran dáadáa mọ́ lálẹ́, ó sì ti pé ọdún kan tí òun ti ń wá ẹni tí yóò gba bírò lọ́wọ́ òun.